Fíríìdọ̀mù Ẹ̀ẹ̀kejì

Àwọn tó bá ń ròyìn ìdálẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bàálù. Tèmi ò ní bàálù nínú. Mi ò rí yìnyín, mi ò rí òyìnbó, kò sì sẹ́ni tó bá mi sọ èdè tí mi ò gbọ́ lójú pópó. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu ilẹ̀ Benin, lẹ́yìn ibodè, tí òyìnbó Faransé gé kúrò lára yín. Ikotun ni mo ṣe àjò dé. Èdè ìyá mi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ilé ni mò ń lọ. Kí òyìnbó pe ènìyàn ní àjèjì, ìyẹn ò ní dunni tó kí ẹni tó ń jẹ orúkọ tí bàbá ẹni ń jẹ wo ojú ẹni kó ní, "Ìwọ Àgànyìn yìí, ibo gan-an lo ti wá?"

Inú bí mi nígbà náà. Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ń wá ìtàn dídùn kó wá ibòmíì lọ jàre.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi bi mí ní ìlú mi. Mo ní Kétu.

"Kétu tó wà lọ́nà Máìlì Méjìlá?"

"Rárá mà. Kétu Alákétu, ní Benin."

"Háà, Àgànyìn ni ẹ́. Ṣùgbọ́n o gbọ́ Yorùbá dáadáa o."

Ó ń yìn mí ni, ẹ gbọ́. Bí ẹni ń yin ẹja pé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí n tó lo oṣù kan tán, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Bọ̀dá Àgànyìn, ẹ̀wà yín dà?" Mi ò se ẹ̀wà tà rí láyé mi. Iṣẹ́ jórinjórin ni mo kọ́.

Bàbá Súlè ló kọ́ mi, ní Kétu. Bàbá náà kì í pariwo. Bí o bá jó irin tí kò dáa, á kàn fi òòlù gbá a títí á fi já, á sì gbé e padà fún ọ láìsọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo parí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú ẹbí mi, ó ṣe àdúrà tí oníṣẹ́ irin máa ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ dá sílẹ̀: "Iná ò ní jó ọ. Irin ò ní kọ̀ ọ́. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn á dúró." Ìyá mi sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Fíríìdọ̀mù ni wọ́n ń pè é ní Èkó. Àdúrà yẹn ló ń sọ ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá. Ẹni tí wọn ò bá ṣe é fún, bó dàgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ọmọ iṣẹ́ ni.

Mo gba ibi kékeré kan lójú ọ̀nà Ìgàńdó, mo gbé ẹ̀rọ ìjórin tí mo rà sí i. Géètì kan péré ni mo tíì ṣe tí àwọn ẹgbẹ́ jórinjórin fi dé. Wọ́n ká wáyà ẹ̀rọ mi, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Alága wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.

Ó ní, "Ta ló ṣe fíríìdọ̀mù fún ẹ?"

Mo ní, "Bàbá Súlè ni, sà. Ní Kétu."

"A ò mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀, sà."

"Ibẹ̀ kọ́ lo wà. Níbí, ẹni tí a ò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọn ò tíì dá a sílẹ̀. Bó o bá fẹ́ jó irin ní agbègbè yìí, wàá lọ kọ́ ọ lábẹ́ ẹni tí a mọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú mi lọ bá Ọ̀gá Fàtáì ní Ìdímù. Èmi tí mo ti ṣe géètì ṣọ́ọ̀ṣì ní Kétu, tí mo ti jó àgọ́ ilé-ìwé tó ṣì wà ní ìdúró dòní, wọ́n ní kí n gbálẹ̀ ìsọ̀. Mo gbá a. Wọ́n ní kí n lọ pọn omi. Mo pọn ọ́n. Àlejò lójú, kò fi ríran, àwa la máa ń pa á lówe ní Kétu. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọn yóò pa á mọ́.

Kí n má parọ́ mọ́ Ọ̀gá Fàtáì, ọwọ́ rẹ̀ dáa. Bó bá jó irin, ojú ibi tó jó á tò tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó báyẹn, kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ ò mọ́? Kí oníbàárà tó jókòó, á ti na ọwọ́ sí mi pé, "Àgànyìn mi nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹran." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ń bú tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń gbéra ga.

Ó ṣèlérí pé bí ọdún bá parí, òun á ṣe fíríìdọ̀mù fún mi. Ọdún parí. Ó ní ká jẹ́ kí iṣẹ́ ilé tí a ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá tán. Ó tán. Ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ náà rìn, ó sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, èmi ṣì ń pọn omi. Ó yé mi ṣá. Èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀, bí n bá lọ, òun ni yóò máa gun òkè lọ jó ẹsẹ̀ táńkì.

Nígbà tí Bàbá Súlè kú, ìyá mi ló pè mí. Gaàrí ni ìyá mi ń yan tà, á máa pè mí nírọ̀lẹ́ bó bá ti pa iná rẹ̀ tán.

Ó ní, "Ọ̀gá rẹ ti lọ o. Ọ̀la ni wọ́n ń sin ín. Wàá wá, àbí?"

Mo lọ bá Ọ̀gá Fàtáì. Ó ń jẹun lọ́wọ́, kò sì dúró. Ó ní, "Ọ̀gá wo? Ọ̀gá mélòó lo ní? Iṣẹ́ wà nílẹ̀." Mi ò lọ. Ìyá mi ní òun lọ bá mi dúró, pé àwọn ọmọ Bàbá béèrè mi. Mo jókòó sórí ìbùsùn mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá lọ bá sọ ọ́ ní gbogbo agbègbè Àlímọ̀ṣọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu mi jáde.

Ibì kan ṣoṣo ni ara ti ń tù mí, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, sùtánà funfun ni tolówó ti tálákà ń wọ̀, o ò lè fi ojú lásán mọ ibi tí ẹnikẹ́ni ti wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n dá orin lédè Ègùn. Gbogbo ìjọ ń kọ ọ́ láìmọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Àwọn Ègùn ni aládùúgbò wa níbi tí mo ti kàwé. Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni orin yẹn ń wí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí jáde kí n túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Ẹ wò ó, mo sunkún. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe mí ní àjèjì ní Ìdímù ni wọ́n ní kí n wá fi kọ́ àwọn ní Ìṣẹ̀rí.

Arábìnrin yẹn, Sista Dúpẹ́, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Iṣẹ́ ìnsípẹ́kítọ̀ ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kan àwọn táńkì epo ńláńlá. Òun ló ń yẹ ojú ibi tí wọ́n jó wò bóyá ihò wà nínú rẹ̀ tí ojú lásán ò rí. Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń rí inú irin. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ṣé o mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún? Irú rẹ̀ ni. Wàá fi òróró pa irin náà lára, wàá gbé ẹnu ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀, ohun tó bá wà nínú á hàn lójú ẹ̀rọ náà."

Mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá Súlè máa ń fi òòlù gbá irin kó tó mọ̀ bóyá ó dáa. Ẹ̀rọ kan wà tí ò ní gbá a, tí ò ní já a, tí yóò sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní bi irin léèrè ìlú tó ti wá. Mo ní èmi náà á kọ́ ọ.

Ilé-ìwé kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tó ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún Ọ̀gá Fàtáì pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ pa mí níbẹ̀. Faransé ni mo fi kàwé, tíṣà sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn kó máa fi ènìyàn pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín. Bó bá bi mí ní ìbéèrè, tí mo bá ń wá ọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ fún Àgànyìn láyè, ó ń sọdá bọ́dà lọ́wọ́." Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbá a létí lẹ́ẹ̀kan. Sista Dúpẹ́ ní kí n fi ìbínú yẹn kàwé. Mo fi kà á. Òun ló máa ń dúró tì mí lẹ́yìn ìsìn, tá a ó máa pe àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, mo yege, ilé-iṣẹ́ Sista Dúpẹ́ sì ní kí n máa bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Mo pe ìyá mi. Mo rò pé á jó.

Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀gá rẹ ti dá ọ sílẹ̀?"

Mo ní, "Màámi, Bàbá Súlè ti dá mi sílẹ̀. Ojú yín ló ṣe."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti jẹ iyọ̀ ẹni kejì. Ọ̀nà tí ènìyàn bá gbà wọlé ló yẹ kó gbà jáde. Má fi ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn sílẹ̀ láìgba àdúrà ẹnu rẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣe ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tuntun yẹn, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ara mi."

Mo ní mi ò fẹ́ àdúrà rẹ̀. Ó ní, "Èmi ló fẹ́ ẹ." Ó pa fóònù.

Mo lọ bá Ọ̀gá Fàtáì nítorí tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ tí mi ò tíì dá sílẹ̀, ìwọ ni wàá máa yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ wò? Máa lọ. Ìgbà tí wọ́n bá lé ẹ, wàá padà wá gbálẹ̀."

Mo sọ fún ìyá mi pé ó kọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, pé n ó kàn máa bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ títí oṣù yóò fi tán. Àfi bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ géètì kan dé ìsọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí mo bá ìyá mi níbẹ̀. Ó ti gba ibodè wá láti Kétu láìsọ fún mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a, lórí ilẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ irin kún, ìyá mi tó lè bí Ọ̀gá Fàtáì. Ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ bá mi ṣàánú ọmọ mi, Ọ̀gá. Bó bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ bú."

Ọkùnrin náà kò yára gbé e dìde. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. Ó jẹ́ kí ìyá mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán lórí eékún. Ó wo àwọn oníbàárà tó dúró. Ẹ̀yìn náà ló tó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi."

Mo fi apá aṣọ mi nu eékún ìyá mi. Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín, pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ìyá mi wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ jórinjórin pé, alága jókòó síwájú. Mo kúnlẹ̀, wọ́n kó òòlù àti gíláàsì ojú lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Fàtáì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, alága á bi ọmọ iṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níwájú gbogbo ènìyàn.

Alága ní, "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Mo ti gbé èsì náà sẹ́nu láti ilé. Ọ̀gá Fàtáì ni, ká sọ ọ́, ká lọ. Àmọ́ mo wo ilẹ̀ ibi tí mo wà. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá mi kúnlẹ̀ sí. Mo rántí ìsìnkú tí mi ò lọ.

Mo ní, "Bàbá Súlè ló kọ́ mi, ní Kétu. Ọ̀gá Fàtáì gbà mí sọ́dọ̀."

Ọwọ́ tó wà lórí mi wúwo díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà mo mọ̀ ọ́n lára pé ó ti kúrò. Ọ̀gá Fàtáì ti ń lọ sínú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Àgànyìn ò moore." Alága dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, wọ́n tú ká bí ẹni tí òjò lé. Ìrẹsì tí ìyá mi sè wà nínú kúlà bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ò bú mi. Ó kó abọ́ rẹ̀ jọ. Lójú ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀. "Òtítọ́ lo sọ. Àmọ́ èmi ni òtítọ́ yẹn ò ní jẹ́ kí n sùn." Ó padà sí Kétu lọ́jọ́ kejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ gidi ni. Mo ń wọ bàtà onírin, mo ní ẹ̀rọ tèmi nínú báàgì, bí mo bá ní ibì kan kò dáa, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á tún un jó, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá àgbà ló jó o. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà mí láti sọ pé kò dáa. Nígbà tó yá ó mọ́ mi lára. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀? Ìnsípẹ́kítọ̀ Àgànyìn. Wọ́n ní ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é. Kí wọ́n má fẹ́ràn mi mọ́ jàre, kí wọ́n máa pe orúkọ mi.

Ìyá mi ṣì ń pè mí nírọ̀lẹ́ gbogbo. Ó máa bi mí pé ṣé mo gòkè lónìí. Ṣé iná ò fò sí mi lára. Bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, á dákẹ́, mo sì mọ ohun tó ń rò. Màmá tó ń yan gaàrí ní Kétu ò gbádùn oúnjẹ ọmọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọkùnrin kan kọ̀ láti sọ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Fún èmi fúnra mi, ǹ bá ti gbàgbé.

Ìṣẹ̀rí-Olófin ni mò ń gbé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibi tí géètì ilé wa so mọ́ òpó já, ó fẹ́ wó lu ọmọ kan. Láti jó o padà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà mí. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa fún àwọn tó ń kan táńkì epo, mi ò gbọdọ̀ jó géètì ní Àlímọ̀ṣọ́, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni mí. Lándílọ́ọ̀dù bá ránṣẹ́ pe jórinjórin tó mọ̀. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, Ọ̀gá Fàtáì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ló wá. Irun rẹ̀ ti funfun.

A kí ara wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ìwà tí wọ́n kọ́ mi nílé ni.

Géètì náà wúwo, ó nílò ẹni tí yóò bá a gbé e dúró. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn wò mí, mo bọ́ báàgì mi sílẹ̀. Ìyá mi pè bí mo ṣe fẹ́ gbé e, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ sí sípíkà, mo gbé fóònù lé orí òpó. Mo ní, "Màámi, ẹ mú sùúrù, mò ń bá Ọ̀gá Fàtáì gbé géètì." Kò pa fóònù.

Mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jó o. Nígbà tó tutù, ó fi òòlù gbọn èérí rẹ̀ kúrò, ó sún sẹ́yìn.

Ó ní, "Wò ó fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Mo wá ihò, mo wá ibi tó là, mo wá ibi tí irin ò ti yọ́ pọ̀. Ká sọ òdodo, mo fẹ́ rí i. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò dáa, kó ha á kúrò, kó tún un jó lójú àwọn ọmọ tó ń wòran. Mi ò rí nǹkan kan. Ojú ibi tó jó tò tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ti àtijọ́.

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ó mi orí. Ó ká wáyà rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí ọmọlanke. Ó ti fẹ́ máa lọ kó tó dúró. Kò wo ojú mi, ara géètì ló ń wò. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá irin sọ̀rọ̀.

"Iná ò ní jó ọ. Irin ò ní kọ̀ ọ́. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn á dúró."

Láti orí òpó, ohùn ìyá mi jáde látinú fóònù. "Àmín." Ó tún un sọ, ó sì ń sunkún. "Àmín, Ọ̀gá. Ẹ ṣeun. Àmín."

Ọ̀gá Fàtáì ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Mo gbé fóònù, ọwọ́ mi dúdú fún èérí irin.

Ìyá mi ní, "Mi ò gbọ́ tìẹ. O ò ṣe àmín?"

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹun kí ẹ sùn."

Ó sùn lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún mi láàárọ̀ pé òun sùn dé ojúmọmọ. Inú mi dùn fún un. Àmín yẹn, èmi ò tíì ṣe é.